Ẹ lọ jókòó síbẹ̀ ní aago méje alẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ fẹ́ bá wa ṣiṣẹ́ ohùn níbi àjọ̀dún orin àdánwò, orin tí a ti ń dán oríṣiríṣi ohùn wò, lóṣù tó ń bọ̀, mo mọ̀ pé ara yín ti wà lọ́nà. Tèmi náà wà lọ́nà. Ìbàdàn kì í ṣe ìlú kékeré, ẹ má bá mi jà, ṣùgbọ́n àwa tí irú orin yìí ń dùn mọ́ nínú rẹ̀ kò lè kún bọ́ọ̀sì méjì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí nígbà tí a kọ́kọ́ dán irú rẹ̀ wò.

Gbọ̀ngàn kan la gbà lẹ́bàá Mọ́kọ́lá. Aago méjì ọ̀sán la lọ yẹ ohùn wò, aago méje alẹ́ ni eré. Iná ọba wà, spíkà mọ́ bí omi àmù. Lára ohun tí a fẹ́ ṣe ni orin 4′33″ tí John Cage, olórin ará Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 1952: olórin á jókòó sídìí dùùrù, kò ní tẹ nǹkan kan fún ìṣẹ́jú mẹ́rin ààbọ̀ ó lé díẹ̀, ohun tí etí bá gbọ́ láàárín àkókò náà ni orin. Ilẹ̀ ṣú, wọ́n mú iná lọ. Ni wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀ tó wà lábẹ́ fèrèsé. Olórin jókòó, ó pa ìdérí dùùrù dé, jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù. Bàbá kan níwájú yíjú sí mi: “Ọ̀gá, ṣé dùùrù yín ti bàjẹ́ ni?” Nígbà tó parí, ẹnì kan pàtẹ́wọ́ fún jẹnẹrétọ̀.

Àwọn kan sọ fún mi pé orin náà ni jẹnẹrétọ̀ yẹn. Òótọ́ ni. Àmọ́ èmi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ibẹ̀ ló ti dùn mí.

Láti ìgbà náà, aago tí eré máa bẹ̀rẹ̀ gan-an ni mo ń lọ jókòó sí gbọ̀ngàn, kí n tó gbé wáyà kankan débẹ̀. Màá kọ gbogbo ohun tí mo bá gbọ́ sílẹ̀: ladáàní tó ń pe ìrun, ọ̀kadà, òjò lórí páànù, ẹ̀rọ ata. Mo ti bẹ ìyá kan tó ń lọ ata rí pé kí wọ́n bá wa sinmi fún wákàtí kan. Wọ́n ní kò sí wàhálà, kí n ṣáà fún àwọn ní ìwé ìwọlé méjì. Ìlà kejì ni wọ́n jókòó sí.

Ohùn “hùùùn” tó ń jáde nínú spíkà tún wà. Iná wa ń yí padà ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ohùn yẹn náà lẹ ó gbọ́. Ó sábà máa ń wọlé bí ẹ bá ki kọ̀ǹpútà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, tí ẹ ki mísà, ẹ̀rọ tó ń da ohùn pọ̀, bọ òmíràn. Ẹ so gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan náà.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òyìnbó ló ni eré yìí. Lọ́dún 1944, Halim El-Dabh, olórin ọmọ Íjíbítì, gbé ẹ̀rọ tó ń ká ohùn sórí wáyà lọ síbi ààtò zaar, ìyẹn ètùtù tí wọ́n fi ń tu ẹ̀mí tó gun èèyàn lójú, ní Cairo, ó wá fi ohùn tó ká ṣe orin tuntun. Ọdún 1948 ni Pierre Schaeffer, ará Faransé, gbé tiẹ̀ jáde ní Paris. Àwa náà ńkọ́? Mo ní kí onídùndún kan yọ ṣaworo etí ìyáàlù rẹ̀ nígbà kan, torí ó ń da maikirofóònù láàmú. Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó bọ́ ṣòkòtò. Maikirofóònù ni mo sún sẹ́yìn, ariwo ṣaworo yẹn wà lára ìlù.

Ọjọ́bọ̀ ni mo ń lọ jókòó sí gbọ̀ngàn tọdún yìí. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi lọ, kó pa fóònù, kó mú ìwé àti bírò dání. Kó sì jẹun kó tó wá, ikùn tó ń kùn náà wà lára ohun tí mo máa ń kọ sílẹ̀.