Wákàtí 24 ní Mushin, wákàtí 24 ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin èèyàn mi, tí ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù bá mú èèyàn, wákàtí 24 ni wọ́n ní láti fi ẹ̀sùn kàn án tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀, àfi tí ọ̀gá wọn tàbí kóòtù bá fi kún un, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1984 ló sọ bẹ́ẹ̀. Tiwa náà ńkọ́? Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 35, ọjọ́ kan péré lòun náà fún wọn láti gbé èèyàn dé kóòtù, tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ṣé ibi tí kóòtù ò sí wà l'Ékòó ni? Àmọ́ ẹ ní kí ará Mushin wá ṣe ẹlẹ́rìí ní tèṣàn, á ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Wọ́n jí jẹnẹrétọ̀ bàbá onílé wa nígbà kan, mo tẹ̀ lé wọn lọ sí tèṣàn. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ọ̀fẹ́ ni béèlì, ẹni tó jókòó sábẹ́ ẹ̀ dẹ̀ ń béèrè owó bébà tá a máa fi kọ sítétímẹ́ǹtì, ó tún kan owó epo mọ́tò tí wọ́n máa gbé wá wo ibi tí olè gbà wọlé. Bàbá ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ jàre, jẹnẹrétọ̀ ti lọ, owó ò ní bá a lọ."

Níbí ní Lọ́ńdọ̀nù tí mo ń gbé báyìí, wọ́n já fóònù gbà lọ́wọ́ mi ní Peckham. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n fún mi ní nọ́ńbà, nígbà tó yá wọ́n ní àwọn ti pa kéèsì náà dé. Fóònù ò padà o! Síbẹ̀ tó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la màá tún kọ ọ́, torí kò sẹ́ni tó bú mi, kò sẹ́ni tó gba kọ́bọ̀. Tom Tyler, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, bi àwọn ará Chicago léèrè irú ọ̀rọ̀ yìí, ohun tó rí ni pé bí wọ́n ṣe ṣe sí èèyàn ló ń jẹ́ kó gba òfin gbọ́, kó sì máa tẹ̀ lé e, ju ìbẹ̀rù ẹ̀wọ̀n lọ.

Kì í ṣe pé ibí jẹ́ ọ̀run o. Ìwádìí tí Louise Casey, aṣòfin kan níbí, ṣe, tó jáde ní 2023, sọ ọ́ gbangba pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà wà nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ Jàmáíkà tá a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń sọ fún mi pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni.

Ní Mushin, ẹni tí ò gba tèṣàn gbọ́ ò ní káwọ́ gbera: wọ́n á pariwo olè, táyà ti dé nìyẹn, ẹni tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀ dẹ̀ ti kú síbẹ̀ rí. Mi ò fara mọ́ ọn láéláé, àmọ́ mo mọ ibi tó ti wá.

Mo sọ fún àbúrò mi lórí fóònù pé òfin Nàìjíríà ti 2015 ti ní kí ọlọ́pàá má mú ìyá dípò ọmọ mọ́. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ẹ ti sọ fún ọlọ́pàá?"