Èmi ni wọ́n jẹ lówó, èmi náà ni lọ́yà kọ̀wé sí

Owó aṣọ òkè ló fà á. Oníbàárà mi kan láti Ọ̀fà ń ṣe ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀, ó ní kí n bá òun hun ogójì gèlè àti fìlà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, àwọ̀ ewé tí fàdákà là láàárín. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 1,150,000 náírà. Ó san 600,000 sílẹ̀, ó ní tí ìnáwó bá ti parí, ìyókù á wọlé. Ó wá kó ẹrù ní ṣọ́ọ̀bù mi nítòsí Ọjà Ọba, ó yìn mí, ó ṣàdúrà fún mi. Oṣù mẹ́rin kọjá lẹ́yìn ìyàwó. Mo pè, kò gbé e. Àwọn tó bá mi hunṣọ sì ń bèèrè owó tiwọn lójoojúmọ́.

Àgọ́ ọlọ́pàá ni mo kọ́kọ́ lọ. Ọ̀gá tó gbọ́rọ̀ lẹ́nu mi ní, "Alhaja, gbèsè lèyí, kì í ṣe olè. Ẹ lọ rí lọ́yà." Inú bí mi gan-an, mo rò pé kò fẹ́ ṣiṣẹ́ ni. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ fún mi: Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020, ní abala 32, sọ pé wọn ò gbọdọ̀ mú ènìyàn torí pé ó yẹ àdéhùn tàbí torí ẹjọ́ àárín ẹni sí ẹni lásán.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìbínú gbé mi. Mo mú fọ́tò obìnrin náà nínú gèlè tí mo ta fún un, mo gbé e sórí status WhatsApp mi, mo kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Olè rèé o, ẹ ṣọ́ra." Kílẹ̀ tó mọ́, ẹnìkan ti fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ l'Ọ́fà.

Ọjọ́ kẹwàá ni ìwé dé. Lọ́yà ẹ̀ ló kọ ọ́: mo ti ba oníbàárà òun lórúkọ jẹ́, kí n tọrọ àforíjì ní gbangba, kí n sì san mílíọ̀nù márùn-ún náírà láàárín ọjọ́ méje, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ó di Hàì Kóòtù. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kà á. Èmi tí wọ́n jẹ ní 550,000!

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní ká fọ̀rọ̀ náà síwájú àwọn àgbà, pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, tó bá sì jẹ́ owó 30,000 ni, ohun tí n bá ṣe nìyẹn, torí owó lọ́yà á ju owó ọ̀hún lọ. Àmọ́ tí ẹnìkejì bá ti gba lọ́yà, tó sì ti dá ọjọ́ fún yín, ẹ má fi ẹnu lásán dáhùn. Ó kù díẹ̀ kí n fi ohùn ránṣẹ́ sí obìnrin náà pé mo mọ̀ pé mo ṣẹ̀. Lọ́yà tí mo wá lọ bá ní ọpẹ́ ni pé mi ò ṣe é, torí ohùn ara mi ni wọn ì bá gbé síwájú adájọ́.

Obìnrin ni lọ́yà yìí, kì í pariwo. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi bi mí pé, "Mà, ìwé wo lẹ ní lọ́wọ́?" Mi ò ní rìsíìtì. Ọ̀rọ̀ tá a bára wa sọ lórí WhatsApp ni mo ní, àti owó tó fi ránṣẹ́ láti báǹkì. Ó ní kí n má pa nǹkan kan rẹ́, kí n má sì ta fóònù náà. Kóòtù máa ń gba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ní ìwé kan tó gbọ́dọ̀ bá a rìn, tó ń jẹ́rìí sí ẹ̀rọ tó ti jáde. Ó ṣàlàyé fún mi pé nínú ẹjọ́ bí èyí, adájọ́ á gbé ẹ̀rí tèmi àti tiẹ̀ sórí ìwọ̀n ni, èyí tó bá wúwo jù ló borí.

Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tó dùn mí. Ajigbèsè kì í ṣe olè lójú òfin. Ká ní mo kọ ọ́ pé obìnrin yìí jẹ mí ní 550,000, òótọ́ ọ̀rọ̀ ì bá dúró tì mí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo fi ìbínú kọ ló sọ mí di ẹni tí wọ́n lè pè lẹ́jọ́.

Ó dá iye lé iṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: iye tó fẹ́ gbà tó bá jẹ́ lẹ́tà nìkan, àti iye tó fẹ́ gbà tá a bá bá a dé kóòtù. Ó ní kí n má retí pé ẹni tí mo bá borí ló máa san owó lọ́yà mi padà. Torí pé kò tì mí sí kóòtù ni mo ṣe fọkàn tán an. Òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò wà lórí lẹ́tà tó kọ. Ẹ máa wo ìyẹn.

Àbúrò mi ní Òmù-Àrán bi mí pé ìgbà wo gan-an ló yẹ kéèyàn wá lọ́yà. Tí ìwé kóòtù bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni. Tó o bá fi í sábẹ́ ẹní, wọ́n lè dájọ́ lẹ́yìn rẹ. Tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ló ṣẹ̀ ọ́ lẹ́nu iṣẹ́, oṣù mẹ́ta péré lo sábà ní láti pẹjọ́. Ní ti ilẹ̀, kó o tó sanwó ni, kì í ṣe ìgbà tí onílẹ̀ kejì bá yọjú. Ẹni tówó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba fọwọ́ sí, ìyẹn 70,000 láti 2024, lè lọ bá Legal Aid Council. Ìjọba ló dá a sílẹ̀ láti máa bá irú wọn wá lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́.

Lọ́yà méjèèjì jókòó, àwa náà jókòó. Status náà ti lọ fúnra ẹ̀ tipẹ́, àmọ́ mo gbé àforíjì sórí status mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó nira fún mi, àmọ́ mo jẹ ẹ́. Òun náà buwọ́ lù ú pé òun á san 550,000 lẹ́ẹ̀mejì, mílíọ̀nù márùn-ún sì kúrò nílẹ̀.

Ìdajì kejì wọlé lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo ti sanwó àwọn ahunṣọ tán kí n tó délé.