Tíṣà tún nà mí lónìí, ṣùgbọ́n mo rí nǹkan

Sátidé, ọ̀sán.

Èjìká ń ro mí bí mo ṣe ń tẹ èyí. Òjò rọ̀ mọ́jú ní Òṣogbo. Nígbà tí mo dé pápá tẹ́níìsì wa ní nǹkan bí aago méje, omi ṣì dúró síbi tí sìmẹ́ǹtì ti jìn díẹ̀ nítòsí nẹ́ẹ̀tì. Èmi àti Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà la fi ìgbálẹ̀ gbá a kúrò. Tíṣà jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní tiwọn, wọ́n ń so okùn bàtà, wọn ò kánjú, wọn ò sì sọ nǹkan kan. Ó yẹ kí n ti mọ̀ pé wàhálà ń bọ̀.

Fún ẹni tí kò bá mọ Tíṣà: olùkọ́ ìṣirò ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, bándéèjì sì wà lórúnkún ọ̀tún wọn láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n. Serve wọn, bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ayò, lọ́ra débi pé èèyàn lè jẹ àkàrà kan tán kí bọ́ọ̀lù tó sọdá nẹ́ẹ̀tì. Wọn kì í gbá bọ́ọ̀lù líle rárá, wọ́n kàn ń dá a padà ni. Gbá a sọ́tùn-ún, wọ́n á dá a padà. Gbá a sósì, wọ́n á dá a padà, á ga lókè, á wá balẹ̀ jẹ́jẹ́ nítòsí ìlà ẹ̀yìn, ìwọ ni wàá tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lákọ̀tun. Ní pápá wa, “ògiri” la máa ń pe irú àwọn bẹ́ẹ̀. Ta ló bá ògiri gbá bọ́ọ̀lù rí tó borí ògiri?

Ọdún méjì gbáko ni mo fi rò pé agbára ni oògùn wọn. Bí wọ́n bá nà mí lọ́sẹ̀ yìí, màá lọ fi forehand mi (gbígbá láti apá ọwọ́ tí mo fi di ráákẹ́ẹ̀tì mú) dánra wò títí á fi le sí i, màá padà wá, wọ́n á tún nà mí. N kò mọ̀ pé èmi gan-an ni mò ń kó agbára fún wọn. Bọ́ọ̀lù tó bá ti bá eré wá, kí wọ́n ṣáà ti gbé ráákẹ́ẹ̀tì dè é ló kù, eré tèmi náà ló máa gbé e padà wá bá mi. Àṣìṣe ni wọ́n ń dúró dè, mo sì lawọ́ gan-an lórí ìyẹn.

Lónìí náà, set (abala eré) àkọ́kọ́, 6–2, tiwọn. Ọ̀kan nínú bọ́ọ̀lù mi fo ògiri pápá kọjá, díẹ̀ ló kù kó bọ́ sínú agbada ìyá alákàrà tó wà lẹ́nu géètì. Ìyá ò bú mi. Wọ́n kàn wò mí, èyí tó burú ju èébú lọ.

Ìgbà tá a jókòó mu omi ni mo rántí bàbá àgbà mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, lórí ọpọ́n ayò. Bí wọ́n bá fẹ́ ta ayò, ojú ẹni tó jókòó kọjú sí wọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò, bó ṣe ń ka ọmọ ayò, bó ṣe ń fọwọ́ kan ilé kan kó tó ta òmíì. Wọ́n ní ilé tirẹ̀ nìkan ni òpè ń kà, ọ̀ta a máa ka ti ẹnìkejì. Èmi yìí, òpè ponbele ni mí. Iṣẹ́jú mẹ́wàá tá a fi ń gbá bọ́ọ̀lù síra wa kí eré tó bẹ̀rẹ̀, forehand ara mi ni mo máa ń wò, bóyá ó wu èèyàn.

Bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ni àṣírí gbogbo èèyàn ń tú. Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà, iṣẹ́jú méjì ò ní pé tí wọ́n á fi ní, “Jẹ́ n wá sídìí nẹ́ẹ̀tì.” Wọ́n ga, volley wọn (gbígbá bọ́ọ̀lù kó tó balẹ̀) mú, wọ́n sì máa ń rìn bọ̀ bí ẹni tó ti mọ ibi tí ẹjọ́ máa já sí. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù kọjá wọn lẹ́ẹ̀kan náà ti ṣì í. Ìdí ẹsẹ̀ wọn ni kó o gbá a sí, kí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ti gba ìsàlẹ̀ gòkè bọ̀, ìgbà yẹn ni ọ̀nà là. Mo tún gbà pé ó dáa kéèyàn lob wọn (kó gbá bọ́ọ̀lù ga kọjá lórí wọn) lẹ́ẹ̀mejì ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, kódà bí méjèèjì bá jáde, kí wọ́n lè máa bojú wẹ̀yìn.

Kọ́pà kan náà wà tó máa ń wá láti Òkè-Fìà. Forehand rẹ̀ dún bí ìbọn. Ṣùgbọ́n wo ẹsẹ̀ rẹ̀: bọ́ọ̀lù tó yẹ kó fi backhand, ìyẹn láti apá kejì, gbá, á sá yí i ká kó lè fi forehand gbá a. Gbogbo èèyàn á ní kó o máa gbá a sí backhand rẹ̀. Irọ́ ni o, ibẹ̀ ló ti ń dúró dè ẹ́. Kọ́kọ́ fi bọ́ọ̀lù kan fà á lọ sápá forehand ọ̀hún, kó jìnnà dé ìlà ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn apá backhand á ṣófo gbayawu, kò sì ní ráyè yí nǹkan kan ká mọ́.

Bí ẹyẹ bá ṣe fò la ṣe ń sọ òkò rẹ̀. Èmi, òkò kan ṣoṣo ni mo ń gbé kiri.

Èyí tó dùn mí jù ni pé Tíṣà fúnra wọn ti sọ ìtàn tó yẹ kó là mí lójú, mo kàn fi rẹ́rìn-ín ni. Àṣekágbá Wimbledon, ìdíje tẹ́níìsì ńlá ìlú Lọ́ńdọ̀nù, 1975, Arthur Ashe kojú Jimmy Connors tó gba ife ní ọdún tó ṣáájú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti sin Ashe kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Agbára ẹlòmíì ni Connors ń jẹ, bó o bá ṣe gbá a le tó ló ṣe ń dá a padà le tó. Ashe, tí òun náà máa ń gbá a le, fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ń gbé bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́ sísàlẹ̀ lápá forehand Connors, ó ń fi serve tó tẹ̀ fà á jáde kúrò nínú pápá, bó bá sún mọ́ nẹ́ẹ̀tì, lob. 6–1, 6–1, 5–7, 6–4. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba ife náà nìyẹn. (Ashe yìí kan náà ló wá gbá bọ́ọ̀lù l’Ékòó ní 1976, táwọn sójà fi ìbọn lé wọn kúrò lórí pápá lẹ́yìn tí wọ́n pa Murtala. Bí Tíṣà bá ń sọ èyí, ẹ ó rò pé àwọn ló ń ka èsì.)

Ní set kejì, mo jáwọ́ nínú ìjà. Mo ń gbá a láti igun dé igun, kò sí ìwà akọni níbẹ̀: nẹ́ẹ̀tì ga tó sẹ̀ǹtímítà 107 lẹ́bàá òpó, 91.4 péré ni láàárín, ilẹ̀ tí bọ́ọ̀lù máa balẹ̀ sí sì gùn sí i. Nígbà tí mo bá ti rí ààyè, slice kúkurú, bọ́ọ̀lù tí mo gé lábẹ́. Tíṣà ò fẹ́ràn iwájú. Orúnkún yẹn kì í jẹ́ kí wọ́n sáré wá, bí wọ́n bá sì dé ibẹ̀, ọwọ́ wọn máa ń le lórí volley.

5–4 tèmi, serve tiwọn, 30–40: àmì kan péré ló kù kí n gba set náà. A gbá a, a gbá a, mo kà á dé mọ́kànlá. Mo wá gé ọ̀kan lábẹ́, ó lọ bọ́ síbi ọ̀rinrin tá a gbá láàárọ̀, kò tiẹ̀ fò dáadáa. Tíṣà sáré, wọ́n fi etí ráákẹ́ẹ̀tì hú u sókè. Mo ti wà níbẹ̀. Forehand mi ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun fọ́ nǹkan. Mo rọra gbé e kọjá lórí fìlà wọn, ó balẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ kan sí ìlà. Wọn ò yí padà wò ó. “Ó wọlé,” ni wọ́n wí, wọ́n sì ń lọ sídìí omi wọn.

Set kẹta, mo ti ń ṣáájú 3–1. Tíṣà bá bẹ̀rẹ̀ sí í nu awò ojú. Wọ́n nù ún, wọ́n gbé e sókè sójú oòrùn, wọ́n tún nù ún. Nígbà tá a bá tún bẹ̀rẹ̀, èmi ni wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù kúkurú pè wá síwájú. Mi ò lè sọ ibi tí gbogbo rẹ̀ gbà lọ. 7–5, tiwọn.

Lẹ́yìn náà, a jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà lẹ́nu géètì (mo ra méjì kún un fún ẹ̀bẹ̀). Mo bi wọ́n pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, irú agbábọ́ọ̀lù wo lẹ máa pè mí?”

Wọ́n jẹ tẹnu wọn tán ná. “O máa ń na bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó o tó serve,” ni wọ́n wí. “Bó o bá ti ń borí, ẹ̀ẹ̀kan péré lo máa ń nà án. Bí mo bá ti rí ẹ̀ẹ̀kan yẹn, mo máa ń lọ nu awò mi.”

Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi da ẹ̀kọ sára. Ó hàn pé àwọn náà ti mọ̀.

Mo ti wà ní pálọ̀ láti ìgbà tí mo ti dé, mò ń na bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀. Ìyàwó mi ti pariwo láti kíṣìnnì lẹ́ẹ̀mejì pé kí ni mò ń kà.