Ìdí tí wọn ò fi fún mi ní prednisone

Ọ̀fìnkìn lásán ni mo pè é. Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo jókòó lójijì sórí àtẹ̀gùn, ọwọ́ láyà, tí mò ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àyẹ̀wò ní iṣan ọkàn mi ti wú. Fáírọ́ọ̀sì ló wọ̀ ọ́.

Mo ti kàwé díẹ̀ lálẹ́ (mo rò pé mo gbọ́n). Mo ní, “Dókítà, ṣebí àwọn ọmọ ogun ara mi ló ń bá ọkàn mi jà báyìí, ẹ ò ṣe fún mi ní oògùn bíi prednisone tó máa dá wọn lẹ́kun?” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bí fáírọ́ọ̀sì bá ṣì wà níbẹ̀, a ti ṣílẹ̀kùn fún olè nìyẹn.

Ó ní lọ́dún 1995, ìwádìí kan lára èèyàn 111 tí iṣan ọkàn wọn wú fi hàn pé prednisone pẹ̀lú cyclosporine tàbí azathioprine (oògùn tó ń dá ọmọ ogun ara lẹ́kun ni àwọn náà) ò mú ọkàn sunwọ̀n ju ti àwọn tí wọn ò fún. Ṣùgbọ́n ní 2009, ní Ítálì, wọ́n yan kìkì àwọn tí fáírọ́ọ̀sì ò sí nínú iṣan ọkàn wọn mọ́. Oògùn ọ̀hún ran àwọn yẹn lọ́wọ́ gan-an.

Ni wọ́n bá ti wáyà tín-ín-rín gba iṣan ọrùn mi dé inú ọkàn, wọ́n gé bíńtín lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò, kò tó hóró ọkà bàbà. Èsì dé: fáírọ́ọ̀sì ṣì wà.

Oògùn tó ń bá ọkàn gbẹ́rù ni mò ń lò báyìí. Eré sísá dèèwọ̀ fún oṣù mẹ́fà. Bàtà eré mi ń wò mí lẹ́yìn ilẹ̀kùn.