Ohun tí mo kọ́ nípa ààbò tí ìyá ń fún ọmọ láti inú oyún

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú oyún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí agbẹ̀bí bá fi abẹ́rẹ́ tí ń dènà RSV, ìyẹn kòkòrò àìfojúrí tí ń ba ẹ̀dọ̀fóró ìkókó jà, lọ̀ yín láti ọ̀sẹ̀ 28, ẹ jọ̀wọ́ ẹ tètè gbà á. NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, kò tíì máa fún aláboyún ní abẹ́rẹ́ yìí nígbà tí mo bí àkọ́bí mi. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìkókó ni ọmọ náà nígbà tí kòkòrò RSV mú un. Ó kọ́kọ́ jọ ọ̀fìnkìn lásán, àmọ́ nígbà tí ó yá, ó ń já ọmú sílẹ̀ kí ó lè rí èémí mí, abẹ́ ìhà rẹ̀ sì ń jìn wọlé ní gbogbo ìgbà tí ó bá mí sínú. Ẹni tí ó bá rí irú èyí lára ọmọ rẹ̀, kí ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí mo lóyún èkejì, mo wá mọ̀ pé ara ìyá ni abẹ́rẹ́ náà ń ta jí, tí yóò fi pèsè àwọn èròjà tí ń gbógun ti RSV, tí ibi ọmọ yóò sì máa kó èyí tí wọ́n ń pè ní IgG sínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, pàápàá ní oṣù mẹ́ta tí ó kẹ́yìn oyún. Ìdí nìyí tí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kì í fi í rí púpọ̀ gbà, tí ó sì fi dára kí abẹ́rẹ́ ti wọ ara fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó kéré tán, kí ìrọbí tó dé. Nínú ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀, àìsàn RSV tí ó le gan-an dín kù ní nǹkan bí ìdá 82 nínú 100 láàárín ọjọ́ 90 àkọ́kọ́ ọmọ.

Àyà ìyá mi já nígbà tí mo sọ fún wọn lórí fóònù pé mo fẹ́ gba abẹ́rẹ́ náà. Mo ní, “Màámi, abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì tí wọ́n máa ń gún fún aláboyún nílé ńkọ́? Bákan náà ni wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́.” Ọkàn wọn balẹ̀.

Omi ọyàn àkọ́kọ́, tí àwọn àgbà kan máa ń ní kí a fún dànù, kún fún IgA, irú èròjà mìíràn tí ń gbógun ti àìsàn, tí ń dáàbò bo ọ̀fun àti ìfun ọmọ. Ẹ má ṣe dà á nù rárá.

Ààbò inú oyún máa ń dín kù bí oṣù ti ń gorí oṣù, nítorí náà ẹni tí ó bá ń wúkọ́ lọ́jọ́ ìkómọ, kí ó ṣàdúrà fún ọmọ láti òkèèrè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìyá ọkọ. Bí ẹ bá sì tún lóyún, ẹ óò gba abẹ́rẹ́ náà lákọ̀tun, nítorí oyún kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀.