Ṣé Àgbà Ni, Tó Ń Pe Ara Ẹ̀ Ní "Àwa"?

Ibùdókọ̀ ni mo wà ní Leeds, ilẹ̀ ò tíì mọ́, nígbà tí mo kà á lórí WhatsApp: "Ẹbí ti fẹnu kò." 200,000 náírà ni wọ́n bù fún mi níbi ìnáwó ìrántí Bàbá àgbà, aṣọ ẹbí ò sí nínú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá ó wà lọ́wọ́. Mo fìbínú ti fóònù bọ àpò. (Ẹni tó wà lókè òkun mọ ìbínú yìí: a ó bínú tán, a ó sì tún fowó ránṣẹ́.)

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo wà ní Àkúrẹ́, nílé Mọ́mì Alágbàká, àbúrò ìyá mi. Iná ti lọ. Dámilọ́lá, àbígbẹ̀yìn wọn tó wà ní FUTA, gbé láptọ́ọ̀pù wá. "Bọ̀dá Wálé, ẹ jẹ́ ká wo eléyìí." Star Trek: The Next Generation ni, eré tẹlifíṣọ̀n nípa àwọn tó ń fi ọkọ̀ rìn láàárín ìràwọ̀, apá kan tó jáde lọ́dún 1992.

Àwọn Borg ló wà níbẹ̀, ìdajì èèyàn, ìdajì ẹ̀rọ. Ọkàn kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń lò. Ohun tí ọ̀kan bá gbọ́, gbogbo wọn ti gbọ́ ọ. Àwọn ará ọkọ̀ Enterprise rí ọ̀dọ́ kan he lára wọn, ó fara pa. Wọ́n bi í lórúkọ, ó ní òun ni ẹ̀kẹta nínú márùn-ún. "Àwa" ló sì ń pe ara ẹ̀ ṣáá.

Mọ́mì tó ń fi iná tọ́ọ̀ṣì bó ẹ̀gúsí gbójú sókè. "Ṣé àgbà lọmọ yìí ni, tó ń pe ara ẹ̀ ní àwa?"

Mo rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹnì kan tó bá ti dàgbà ti di ọ̀pọ̀ nìyẹn, "ẹ" là ń pè é. Ọ̀pọ̀ là ń fún un. Tàwọn Borg yàtọ̀: ọ̀pọ̀ ló gbé ẹnì kan mì.

Geordi, ẹnjiníà ọkọ̀ náà, ló sọ ọ́ ní Hugh. LeVar Burton tó ṣe Geordi yìí náà ló ṣe Kunta Kinte nínú eré Roots lọ́dún 1977, ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú, tí wọ́n nà títí tó fi jẹ́ orúkọ tí olówó ẹ̀ fún un. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Mọ́mì, wọ́n gbé ìsasùn ẹ̀gúsí sílẹ̀.

Mi ò sọ fún wọn pé 417 lorúkọ mi fún ọdún kan àtààbọ̀, níbi tí mo ti kọ́kọ́ ń ṣa ẹrù ní Leeds. Ìlú tí wọ́n ti ní kálukú ló ń ṣe tinú ẹ̀ kẹ̀.

Picard, ọ̀gá ọkọ̀, fẹ́ fi Hugh ṣe ohun ìjà, kó gbé ohun tó máa run ìran ẹ̀ lọ bá wọn. Àwọn Borg ti mú Picard náà rí, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀kan lára wọn. Ó dán ọmọ náà wò, ó pàṣẹ fún un bíi Borg. Ọmọ náà kọ̀. Ibẹ̀ ni "èmi" ti jáde lẹ́nu ẹ̀. Síbẹ̀, Hugh fúnra ẹ̀ ló tún yàn láti padà, kí àwọn Borg má baà lé àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ kiri.

"Ọmọlúàbí," Mọ́mì wí.

Mo kọ̀wé sórí WhatsApp ẹbí lóru ọjọ́ náà: 100,000 lèmi máa san, ìyókù á lọ síbi owó iléèwé Dámilọ́lá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pa á rẹ́ kí n tó fi ránṣẹ́. Bọ̀dá àgbà kan fi àtàǹpàkò dáhùn. Àwọn tó kù dákẹ́.

Láàárọ̀, Mọ́mì ní: "Nígbà tí Hugh yẹn délé ńkọ́?"

Dámilọ́lá sọ fún wọn pé apá ti 1993 fi hàn pé orúkọ tó gbé délé da gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ẹ̀ rú. Wọn ò mọ ohun tí wọn ó ṣe mọ́, títí tí ìkà kan fi gorí wọn.

"Wọn ì bá ti sọ gbogbo wọn lórúkọ," Mọ́mì wí. Wọ́n nawọ́ sẹ́yìn àga, wọ́n fa ọ̀rá kan yọ. Aṣọ ẹbí ni, wọ́n ti rán an tán. "Àkànní, wọ̀ ọ́ kí n rí i. Ṣòkòtò tó o fi sílẹ̀ níjọ́sí ni télọ̀ fi wọn ẹsẹ̀ ẹ̀."

Ó ṣe mí rẹ́gí.