Xeon Tòkúnbọ̀: Èwo Ló Tó Owó Tí Wọ́n Ń Pè É?

Lọ́dún 2016 tí E5-2680 v4, ọ̀kan nínú àwọn Xeon (processor tí Intel ń ṣe fún server), jáde, $1,745 ni Intel ń pe ẹyọ kan. Ní báyìí, àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun ti ń kó server tó ní in nínú dànù, kọ̀ntéénà ń kó o wọ Èkó, ọkọ̀ ń gbé e láti Ìkẹjà wá sí Òṣogbo, owó rẹ̀ sì ti wálẹ̀ débi pé òun gan-an kọ́ ló ń náni lówó mọ́. Bọ́ọ̀dù tó máa jókòó sí, RAM tó máa lò, àti iná tó máa jẹ lóṣooṣù ni owó ń bá lọ. Ẹni tó bá ń ka core (àwọn òṣìṣẹ́ inú processor) nìkan nígbà tó ń ná ọjà, ẹ̀yìn ni yóò ti sanwó.

Ẹ kọ́kọ́ ka orúkọ tó wà lára processor. X5650 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde lọ́dún 2010. Inú Dell R710, HP DL380 G7 àti HP Z600 lẹ máa ń bá wọn. E5-2600 tí kò ní «v» jẹ́ ti 2012, v2 jẹ́ ti 2013. Àwọn méjèèjì ló ń wọ R720, DL380p Gen8, Z420 àti Z620. v3 ti 2014 àti v4 ti 2016 ló wà nínú R730, DL380 Gen9, Z440 àti Z640. Ìlà mẹ́ta nìyẹn, ti ọ̀kan kì í wọ inú ìkejì. LGA2011 ti v2 àti LGA2011-3 ti v3 jọra lójú, ṣùgbọ́n ojú ibi tí wọ́n gé lára wọn yàtọ̀. Ẹni bá fipá tẹ̀ ẹ́ yóò ba pin jẹ́.

Ìlà àkọ́kọ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi sílẹ̀, kódà bí wọ́n bá fẹ́ fi ta yín lọ́rẹ. X5650 ní core 6, 2.66 GHz, 95W, iye yẹn kò sì burú lójú. Ohun tó pa á ni pé kò ní AVX, àṣẹ ìṣírò tí ọ̀pọ̀ ètò tuntun nílò. MongoDB (ètò dátábéèsì) láti 5.0 lọ sókè kò ní ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, TensorFlow (ètò AI) tí ẹ bá fi pip gbé wọlé yóò kú kó tó bẹ̀rẹ̀. Ojú ọ̀nà RAM rẹ̀ mẹ́ta péré ni, gbogbo ohun tó lè gbà kọjá kò ju 32 GB/s lọ. Bẹ́ẹ̀ iná tí R710 ń jẹ nígbà tí kò tíì ṣe nǹkan kan kì í ṣe kékeré.

Nínú ìlà kejì, E5-2670 ni àwọn ọlọ́jà máa ń gbé síwájú yín: core 8, 2.6 GHz, turbo (ìyára tó lè dé fúngbà díẹ̀) 3.3, 115W. E5-2650 v2 ni kí ẹ bi wọ́n. Core 8 náà ni, 2.6 GHz náà ni, turbo rẹ̀ dé 3.4, 95W sì ni. Bó bá sì jẹ́ E5-2670 nìkan ló wà, ẹ wo kóòdù S-spec lórí rẹ̀: SR0KX ni kí ẹ mú. Èyí tó ṣáájú rẹ̀, SR0H8, ní àléébù nínú VT-d, ẹni tó bá fẹ́ fa káàdì kan fún virtual machine (kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà) yóò kàn án.

Ọ̀fìn kan wà nínú Z420 àti Z620 tó ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gba v2. Ẹ tan ẹ̀rọ náà, ẹ tẹ F10, ẹ wo Boot Block Date lábẹ́ System Information. Bó bá jẹ́ 2011 ló wà níbẹ̀, v2 kò ní tàn láéláé, BIOS (ètò tó ń jí bọ́ọ̀dù) tuntun kò sì lè yí i padà, torí ìgbà tí wọ́n ṣe bọ́ọ̀dù náà ni wọ́n ti kọ apá yẹn mọ́ ọn. 03/06/2013 lẹ ń wá. Ẹni tó ń tà á lè máà mọ̀, nítorí náà ẹ má gba «ó máa gbà á» lẹ́nu rẹ̀.

Ìlà kẹta ni èmi yóò fi owó sí. v3 àti v4 ní AVX2, èyí tí RHEL 10 (Linux ti Red Hat) sọ pé dandan ni. V2 kò ní i. RAM wọn jẹ́ DDR4, ojú ọ̀nà mẹ́rin. E5-2680 v3 ní core 12, turbo 3.3, 120W. E5-2680 v4 ní core 14, turbo 3.3, 120W náà ni. Bí gbogbo core bá ń ṣiṣẹ́ papọ̀, 2.9 GHz ni àwọn méjèèjì ń sá, nítorí náà core méjì tí v4 fi lé e, èrè ni, iná kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Bí bọ́ọ̀dù yín bá ní v3 nínú, ẹ má tíì yọ ọ́: ẹ kọ́kọ́ fi v3 yẹn gbé BIOS tuntun wọlé, kí ẹ tó fi v4 rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é ní òdìkejì lè máa wo ojú dúdú.

Ṣùgbọ́n kí lẹ fẹ́ fi core 14 ṣe? Ẹni tó ń fi CorelDRAW àti Photoshop ṣe káàdì ìgbéyàwó kò lò ju core díẹ̀ lọ, ìyára core kọ̀ọ̀kan ló máa mọ̀ lára. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, E5-1650 v4 ló yẹ ẹ́: core 6, 3.6 GHz, turbo 4.0. 140W rẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, ẹyọ kan ṣoṣo ni bọ́ọ̀dù sì lè gbà nínú ìran E5-1600, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yóò yá lọ́wọ́ ju ti 2680 v4 lọ. Ti gbọ̀ngàn CBT, ìbéèrè àti ìdáhùn lásán ló ń lọ sí ibi dátábéèsì; SSD tó dáa àti RAM tó tó ló ṣe pàtàkì níbẹ̀. Ẹni tó ń yí fídíò padà, tàbí tó ń gbé virtual machine mẹ́wàá sórí ẹ̀rọ kan, ni core púpọ̀ wúlò fún. E5 kankan kò ní graphics nínú ara rẹ̀ o, káàdì lọ́tọ̀ ni.

Ó wá ku iná. W tí Intel kọ sí ara rẹ̀ kì í ṣe iye tó ń fà lára ògiri. Ooru tí heatsink gbọ́dọ̀ gbé kúrò ni. Ẹ ra mítà kékeré tó ń wọ sókẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi wo gbogbo ẹ̀rọ náà. Ká ní ọ̀kan ń jẹ 180W, èkejì ń jẹ 80W. Bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, ìyàtọ̀ 100W yẹn di 72 kWh lóṣù. Ẹni tó wà ní Band A, kó fi ₦200 ṣírò kWh kan: ₦14,400 lóṣooṣù, láì tíì ka epo jẹnẹrétọ̀. Lórí bátìrì olómi 200Ah méjì, 24V, nǹkan bí 2 kWh lẹ máa rí lò bí ẹ bá lo ìdajì rẹ̀ tí ínfátà sì jẹ tirẹ̀. Ẹ̀rọ 180W yóò lo wákàtí 11, ti 80W yóò dé 25. Kí ínfátà náà jẹ́ pure sine wave, torí power supply àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ní active PFC. Lórí ínfátà gbàǹjo, ó máa ń kùn, tàbí kó pa nígbà tí iná bá yí.

Bí server bá ní processor méjì tí iṣẹ́ yín kò sì tó bẹ́ẹ̀, ẹ yọ ọ̀kan. Àmọ́ ẹ rántí pé ihò RAM àti ihò PCIe (ti káàdì) tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ yóò kú pẹ̀lú, nítorí náà ẹ kó gbogbo RAM sọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi ìkejì kún un, orúkọ kan náà ni kó jẹ́.

RAM gan-an, ẹyọ mẹ́rin ti 8 GB sàn ju ẹyọ kan ti 32 GB lọ. Ẹyọ kan ti DDR4-2400 kò lè gbé ju 19.2 GB/s lọ. Mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, yóò gbé 76.8. Ẹ má da RDIMM (RAM ti server) pọ̀ mọ́ UDIMM (RAM ti kọ̀ǹpútà lásán), ẹ̀rọ kò ní tàn.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí processor kúrò níbẹ̀. Inú socket ni àwọn pin wà, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí wọn láti ẹ̀gbẹ́. Kí ìlà wọn gún régé. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti já, pin kan ti tẹ̀ níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ ìyẹn ni kò ní jẹ́ kí ihò RAM kan hàn. Bí «Intel Confidential» bá wà lórí processor, àpẹẹrẹ tí wọ́n ṣe kó tó dọjà ni, ẹ dá a padà. SR2N7 ló yẹ kó wà lára 2680 v4. Ẹ fi spirit nu paste (ìpara tó ń gbé ooru lọ sí heatsink) tó ti gbẹ, ẹ fi tuntun tó tó hóró ẹ̀wà sí àárín, ẹ sì máa fún bóòtù heatsink ní igun sí igun. Lẹ́yìn náà, ẹ fi Linux tó wà lórí flash tan án: `lscpu` fún orúkọ àti AVX2, `dmidecode -t 17` fún RAM tó wà ní ihò kọ̀ọ̀kan, `stress-ng --cpu 28` fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún 2680 v4 kan. Bí GHz rẹ̀ bá ń já wálẹ̀ gan-an bí ooru ṣe ń gòkè, paste tàbí fáànù ni, ẹ fi iyẹn ná owó náà wálẹ̀.

Ẹ sì béèrè iye tí Core i5-12400 ti 2022 jẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Core 6 péré ló ní, ṣùgbọ́n bí gbogbo rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ó ń bá 2680 v4 dọ́gba-dọ́gba, core rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì yára jù ú lọ jìnnà, lórí iná tó kéré. Bí ẹ kò bá nílò RAM ECC (èyí tó ń tún àṣìṣe ara rẹ̀ ṣe) tó pọ̀ rẹpẹtẹ tàbí ọ̀nà PCIe 40, tí owó méjèèjì sì súnmọ́ ara wọn, òun ni kí ẹ rà.